Ọlọ́kọ̀ Abẹ́ Ọkọ̀

Ní Ìyìn-Èkìtì, ẹni tó bá ti ra tírélà ti kúrò lẹ́gbẹ́ ẹni tí ọ́ìlì ń ta sí láṣọ. Àga ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún un lábẹ́ igi níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ọmọ iṣẹ́ kan á sáré lọ ra omi tútù wá fún Alága, bí wọ́n ṣe ń pè é. Alága á gbọ́wọ́ lé ikùn, á máa bèèrè pé, "Ṣé ẹ ti rí i?" bí ẹni pé ńṣe ni ẹ́ńjìnnì náà sá lọ. Ọ̀gá mẹkáníìkì á yọrí lábẹ́ ọkọ̀, á dárúkọ ohun tó bà jẹ́, á dárúkọ èyí tó ń múra àtibàjẹ́, á wá gbé owó iṣẹ́ lé gbogbo rẹ̀ lórí. Alága á pariwo, wọn á dúnàá-dúrà, á sanwó. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní kan sípánà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èmi náà ra tírélà, àmọ́ Houston ní Amẹ́ríkà ni mo ti rà á. Lọ́jọ́ tí mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, ìyá mi ní kí wọ́n pa adìyẹ. Ìlú wa ti bí gómìnà méjì, bàbá àti ọmọ: Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ tó ṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà láti 1966 sí 1971, àti Níyì ọmọ rẹ̀ tó di gómìnà Èkìtì ní 1999. Màámi gbà pé ẹnì kẹta ti dé. Páálí tí mo tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ náà, tí mo ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lé lórí, kò sí nínú fọ́tò.

Ṣọ́ọ̀bù ńlá níbí lè gba 150 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wákàtí kan, kò sì sí ẹni tó máa bá ọ dúnàá-dúrà. Bí ọkọ̀ bá dúró, kò sí ẹrù, bẹ́ẹ̀ owó inṣọ́ránsì àti gbèsè báńkì kò mọ̀ pé ọkọ̀ dúró. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́kọ̀ fi jẹ́ dẹ́rẹ́bà, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, tó tún jẹ́ mẹkáníìkì. Èmi ni mò ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Èmi ni mò ń fín gíríìsì: n ó ki ẹnu ìbọn gíríìsì bọ orí ihò rẹ̀, n ó máa fún un títí èyí tó ti dúdú á fi tú jáde, tí tuntun á sì yọjú tẹ̀ lé e. Nínú òtútù oṣù kìíní, ìka ò ní mọ èyí tó jẹ́ irin nínú òun àti sípánà.

Àwọn ibùdó tírélà tá a ti ń sùn, púpọ̀ nínú wọn kò fẹ́ kéèyàn tú ọkọ̀ palẹ̀ nínú ọgbà wọn. Nílé ńkọ́? Wọ́n á já ewé sójú títì, wọ́n á sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ síbi tí ọkọ̀ kú sí, wọ́n á dáná ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kadà á sì gbé mẹkáníìkì dé. Níbí, láàárín ìṣẹ́jú 10, òfin ní kí n ti to àmì onígun-mẹ́ta mẹ́ta sójú títì. Kò sí ẹni tó máa dáná.

Mo ní olùrànlọ́wọ́ kan ṣá. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Ìyìn tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí n tó mọ ọkọ̀ wà. Nígbà tí bíréèkì mi kò mú afẹ́fẹ́ dúró mọ́, mo pè é lórí WhatsApp.

"Gbé fóònù sún mọ́ ọn. Má sọ̀rọ̀."

Mo dákẹ́. Ṣììì.

"Ó ń mí síta. Po omi ọṣẹ, kó o dà á sójú gbogbo ìsopọ̀ páìpù. Ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ni."

Ó hó lóòótọ́. Owó ọṣẹ ni mo ná.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mú Ẹ̀gbọ́n. Láti bí ọdún 2010 ni ọ̀pọ̀ tírélà tuntun níbí ti ń lo yúríà àti omi, láti fi fọ èéfín mọ́. Bí yúríà bá tán, kọ̀ǹpútà lè fa ọkọ̀ sẹ́yìn títí kò fi ní lè ju máìlì 5 lọ ní wákàtí kan.

"Yúríà tá à ń fi sí àgbàdo?"

"Òun náà ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ọkọ̀ yín fẹ́ yọmọ ni?"

Ìdí rèé tí àwọn ọlọ́kọ̀ kan fi ń wá àgbà ọkọ̀ kiri. Yàtọ̀ sí ti yúríà, ẹ́ńjìnnì tó bá ṣáájú ọdún 2000, kò di dandan kó gbé ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí dẹ́rẹ́bà, tí òfin mú wá ní oṣù Kejìlá 2017. Bẹ́ẹ̀ irú tírélà Mack àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kó wọ Èkó ní tòkúnbọ̀, tó sì ń ru sìmẹ́ǹtì gba Ìgèdè-Èkìtì kọjá di òní.

N kò ní purọ́ o, kì í ṣe gbogbo ọgbọ́n ilé ni mo fẹ́ kó wá síbí. Àwa tá a mọ ọ̀nà Adó-Èkìtì sí Iléṣà láyé bọ̀lẹ̀kájà rántí òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè: ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á bẹ́ sílẹ̀ tòun ti igi ńlá lọ́wọ́, á máa sáré tẹ̀ lé táyà, kó lè há a bí ọkọ̀ bá fẹ́ yọ̀ padà. Ọmọdé náà gan-an ni bíréèkì. Níbí, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò á wọ abẹ́ ọkọ̀ mi tòun ti tọ́ọ̀ṣì, á wọn bíréèkì. Bí kò bá pé, ọkọ̀ ò ní kúrò níbẹ̀. Mo máa ń ráhùn, àmọ́ mo fara mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n tún pè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí n ra ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sóun, kí àwọn tòkúnbọ̀ tó ń mu yúríà tó kún Èkìtì. Mo bi í pé èló ló fẹ́ san. Ó ní ṣebí èmi náà ò tíì san owó omi ọṣẹ.