Etí Odò l'Òṣòdì

Wọ́n ta aṣọ ìkéde gbọọrọ kan sójú títì ní Máfolúkù, l'Òṣòdì: EBI YÓÒ DÓPIN NÍ 2030. Ìpàdé ni, nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan. Alàgbà tó ń bá wa sọ̀rọ̀ lẹ báàjì aláràbarà mọ́ àyà, èyí tí wọ́n fi ń ṣàmì àfojúsùn 17 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lóṣù Kẹsàn-án 2015. Ìkejì nínú wọn ni ebi. Ó ní ká jẹ ohun tí a bá gbìn. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni èérún mítípáì ń já bọ́ sórí báàjì rẹ̀. Nínú páálí tí wọ́n pín fún wa, mítípáì wà níbẹ̀, sọ́séèjì róòlù wà níbẹ̀, bisikíìtì sì dì wọ́n mú. Àlìkámà lókè, àlìkámà nísàlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá láti ibi bí i Amẹ́ríkà, Kánádà àti Rọ́ṣíà.

A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́, ẹ ti gbọ́ ọ rí. Odò tiwa kò jìnnà: FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1956, kò kúrò l'Òṣòdì yìí. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ gàrí níbẹ̀. Wọ́n po sóyà mọ́ ògì fún ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú. Wọ́n kọ́ àwọn oníbékìrì bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ ti àlìkámà.

Mo rò pé odò tí kò ní géètì ni àwọn tó pòwe yẹn rí. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí mẹ́gáàdì yóò jókòó sétí odò, tí ẹni tó fẹ́ bu omi yóò kọ́kọ́ kọ orúkọ sínú ìwé. Wọn ò sì mọ̀ pé itọ́ tí a ó máa fi ṣanwọ́ kì í ṣe tẹnu wa. Itọ́ ẹlòmíràn ni. Dọ́là la fi ń rà á!

Kò kúkú sí ẹni tí kò gbìyànjú. Ní 1987, ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọlé. Ní 1992, wọ́n tún ṣílẹ̀kùn fún un. Ọbásanjọ́ ní kí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹ̀fun búrẹ́dì jẹ́ ẹ̀gẹ́. Nígbà tó kan Jonathan, Akinwumi Adéṣínà tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn gbé búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ wọ Abuja, Ààrẹ fúnra rẹ̀ ń polówó rẹ̀, a pàtẹ́wọ́. Ìjọba lọ, búrẹ́dì tẹ̀ lé e.

Ẹ má wulẹ̀ bú àwọn oníbékìrì. Ohun kan wà nínú àlìkámà tó ń mú kí ìyẹ̀fun fà, kó sì di afẹ́fẹ́ mú. Ẹ̀gẹ́ kò ní in. Bí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀ jù, búrẹ́dì Àgége á jókòó sínú páànù, kò ní dìde fún ẹnì kankan. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ọ̀hún náà kò fẹ́ ìmẹ́lẹ́: ọjọ́ tí wọ́n bá wú ẹ̀gẹ́ ló yẹ kí wọ́n bó o, kí wọ́n rin ín, kí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, kí wọ́n sì mú un gbẹ. Bó bá sùn, ó ti kan nìyẹn, kí wọ́n yáa fi yan gàrí. Ẹ̀rọ tó ń mú un gbẹ yìí ń mu dísẹ́lì, ẹ̀yin náà sì mọ iye tí dísẹ́lì jẹ́.

Ibi tó ń bí mi nínú rèé. A mọ gbogbo èyí tipẹ́tipẹ́, l'órílẹ̀-èdè tí kò sí ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó o láyé. Ìwádìí ti ṣe tirẹ̀. Owó ẹ̀rọ tí yóò mú ìyẹ̀fun gbẹ ni kò sí, ṣùgbọ́n owó aṣọ ìkéde wà, ti báàjì wà, ti gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ amúlétutù ń mú ní gbígbọ̀n wà. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọ ìròyìn ránṣẹ́ sókè òkun pé iṣẹ́ náà ti kan aráàlú lára. Orúkọ àwa tí a jẹ mítípáì ni wọn yóò kọ síbẹ̀.

Ìyá alágàrí l'ọ́jà Òṣòdì ń wọn gàrí ní tirẹ̀. Ó pọ́n kóńgò náà lórí títí ó fi ń dà sílẹ̀, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, ó ní ènì nìyẹn. Kò tíì sí ẹni tó sọ fún un pé òun gan-an ni àfojúsùn kejì. Ọjọ́ tó bá gbọ́, owó ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ béèrè.