Adájọ́ Àwọn Róbọ́ọ̀tì

Ọkùnrin kan wà tó ti lé ní ogójì ọdún, tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tó sì ń san owó ilé, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ tó lè mú kí oúnjẹ tutù níwájú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: nínú àwọn Transformers, àwọn róbọ́ọ̀tì ìṣeré tó lè yí padà di ọkọ̀ tàbí ìbọn, ta lọ̀gá? Kì í ṣe ọ̀gá nínú ìtàn o, nítorí ọmọ ọdún mẹ́fà pàápàá mọ̀ pé Optimus Prime ni olórí àwọn Autobot, Megatron sì ni olórí àwọn Decepticon tí wọ́n jọ ń jà. Èyí tó lórúkọ jù, tí ayé kò gbọdọ̀ gbàgbé, ni arákùnrin yìí ń wá. Ó ti ní ìdáhùn kó tó béèrè. Optimus Prime ni ìkíní, Megatron ìkejì, Soundwave ìkẹta, Starscream ìkẹrin. Ipò karùn-ún nìkan ni ìjà wà, bóyá Grimlock ni tàbí Bumblebee, ìjà náà sì lè gba odidi òru. Ní Amẹ́ríkà, Geewunner ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ìyẹn ẹni tó gbà pé ọjà tó jáde ní 1984 àti àwọn ọdún díẹ̀ tó tẹ̀ lé e nìkan ni ojúlówó, pé ayédèrú ni gbogbo èyí tó dé lẹ́yìn wọn.

"N kò sọ tìgbà ọmọdé mi o." Gbólóhùn yìí ni ẹ óò fi dá a mọ̀. Òun ló fi ń bẹ̀rẹ̀, òun ló fi ń sá àsálà nígbà tí ọmọdé kan bá fi ìbéèrè ká a mọ́, òun náà ló sì fi ń kádìí ọ̀rọ̀ nígbà tó bá ti sú gbogbo èèyàn. Tó bá fẹ́ sọ ọ́, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí adigunjalè ní kó fi hàn pé kò mú nǹkan kan dání. Ẹ jẹ́ ká pa ìfẹ́ tì ná, yóò wí. Ká wò ó bó ṣe rí gan-an. Yóò wá wò ó bó ṣe rí gan-an, yóò sì rí i pé bó ṣe rí gan-an kò yàtọ̀ rárá sí bó ṣe rí lójú òun nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún méje. Èyí kò yà á lẹ́nu. Nínú ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ṣe róbọ́ọ̀tì wọ̀nyí, nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ tó ti gorí àtẹ tó ti bọ́ sílẹ̀, ẹ wo oríire, àárín ọdún méjì tí ìyá rẹ̀ ń ra nǹkan ìṣeré fún un ni gbogbo àwọn tó dára jù lọ bọ́ sí! Ẹni tó bá ní kó tún un yẹ̀ wò, á dá a lóhùn pé òun kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, ìtàn ló sọ ọ́. Ká ní ó lè la ẹnu sọ pé, "Mo fẹ́ràn wọn nítorí pé àwọn ni mo kọ́kọ́ rí," ta ni yóò bá a jiyàn? Ṣùgbọ́n kó fẹ́ràn wọn kò tó o. Ó fẹ́ kí ìfẹ́ òun di ìdájọ́, kí ìdájọ́ náà sì de àwọn tí wọn kò tíì bí lọ́dún 1984.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ẹ̀rí rẹ̀ wò. Ó ní àwọn ti 1984 ní ìwà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn: Optimus Prime jẹ́ aláàánú, Megatron jẹ́ ìkà, Starscream kò yé dìtẹ̀ mọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wo? Iléeṣẹ́ Takara ní Japan ló ṣe àwọn ohun ìṣeré náà, oríṣi ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ti wá. Diaclone ni Optimus Prime ti wá. Battle Convoy ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, kò sì ní ẹ̀mí kankan. Ẹ̀rọ lásán ni, èèyàn kékeré tó ga tó ìka ló ń jókòó sínú rẹ̀ tó ń wà á. Ọ̀dọ̀ Micro Change ni Megatron àti Soundwave ti wá ní tiwọn, ọ̀kan jẹ́ ìbọn ìléwọ́ Walther P38, èkejì jẹ́ ẹ̀rọ káṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí iléeṣẹ́ ohun ìṣeré Hasbro kó wọn wọ Amẹ́ríkà, ó gbé wọn fún Marvel, àwọn tó ń tẹ ìwé ìtàn aláwòrán, pé kí wọ́n bá òun wá ìtàn tí yóò tà wọ́n. Jim Shooter kọ ìpìlẹ̀ ìtàn náà, Denny O'Neil ló fún Optimus Prime lórúkọ, Bob Budiansky sì ni iṣẹ́ tó kù já lé léjìká: ó fi ọjọ́ díẹ̀ sọ ọ̀pọ̀ jù lọ wọn lórúkọ, ó sì kọ ìwà ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn páálí. Nígbà tó mú orúkọ Megatron wá, àwọn ará Hasbro kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó ń dẹ́rù bani jù. Ó ní kí wọ́n rántí pé ọ̀daràn àgbà ni, pé ó yẹ kó dẹ́rù bani. Kò sí ohun ìtìjú nínú èyí. Iṣẹ́ tó dára pọ̀ tí èèyàn fi ìkánjú ṣe nítorí owó oṣù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn páálí ni ìwà tí adájọ́ wa ń pè ní àbímọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá gbé e láti ẹ̀yìn páálí dé ọkàn ọmọdé? Àṣẹ ìjọba ni. Lọ́dún 1984, nígbà ìjọba Reagan, àjọ FCC tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà mú òdiwọ̀n tó wà lórí àkókò ìpolówó kúrò. Lóṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ni eré àwòrán Transformers bẹ̀rẹ̀. Ìpolówó tó gba ìdajì wákàtí, tí wọ́n tún ń já láàárín láti polówó ọjà mìíràn, ni ọmọ náà jókòó tì lẹ́yìn ilé ìwé. Lẹ́yìn náà ni fíìmù ọdún 1986 dé, tí wọ́n ti pa Optimus Prime. Adájọ́ wa kì í sọ̀rọ̀ ikú yìí láìmí kanlẹ̀. Ó ní ikú náà ni ẹ̀rí tó ga jù, pé àwọn ọmọdé sunkún nínú ilé sinimá. Lóòótọ́ ni wọ́n sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó kú pẹ̀lú rẹ̀: Ironhide, Prowl, Ratchet, Brawn, Starscream. Ọjà 1984 ni gbogbo wọn, Hasbro sì fẹ́ kó wọn kúrò lórí àtẹ kí ọjà tuntun lè ráyè. Ìwé ọjà ló dá wọn lẹ́jọ́ ikú. Nígbà tí àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀hónú kọ lẹ́tà, iléeṣẹ́ náà jí Optimus Prime dìde lọ́dún 1987. Ẹkún tí wọ́n fi ètò ọjà pọn sójú ọmọdé, ó dàgbà tán, ó gbé e kọ́ ara ògiri gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀rí.

Ó lè ní kí n dúró ná. Bó bá jẹ́ ìpolówó lásán ni, kí ló dé tí àwọn kan náà fi padà wá sínú fíìmù Michael Bay lọ́dún 2007, tí gbogbo ayé sì mọ̀ wọ́n? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn ọmọ 1984 ti di ẹni tó ń gba owó oṣù, wọ́n sì ti láwọn ọmọ tí wọn yóò mú lọ sí sinimá. Ẹni tó lówó lápò ni oníṣòwò ń fi orúkọ tó mọ̀ pè. Àní fíìmù yìí gan-an ló ta kò ó, nítorí kò sí èyí tó kù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nínú wọn. Bumblebee, ọkọ̀ Volkswagen kékeré tó wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù nígbà yẹn, di Camaro, ó sì di ààyò àwọn ọmọdé. Megatron kò jẹ́ ìbọn mọ́. Soundwave di sátẹ́láìtì nínú èyí tó jáde ní 2009. Ti Optimus Prime ló sì dá ogun sílẹ̀. Tírélà tí iwájú rẹ̀ pẹlẹbẹ ni lọ́dún 1984. Wọ́n wá sọ ọ́ di Peterbilt 379 onímú gígùn, wọ́n ya iná sí i lára, wọ́n tún fún un ní ètè. Nítorí imú ọkọ̀, àgbàlagbà tó ní ìyàwó nílé bú àwọn tí kò mọ̀ rí, ó ní wọ́n ti ba ìgbà èwe òun jẹ́. Ìgbà èwe tí kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ o.

Ẹ kúrò ní Amẹ́ríkà díẹ̀, ẹ óò rí i bí àkójọ náà ṣe ń tú. Ní Japan, Convoy ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún pe Optimus Prime, akọni tí Geewunner ní orúkọ rẹ̀ nìkan tó láti mú ara èèyàn bù máṣọ. Ní Bìrìtìkó, níbi tí Simon Furman ti ń kọ ìtàn fún ìwé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti Marvel, àwọn tó kà á lọ́mọdé ń gbé Galvatron àti Ultra Magnus sí ipò tí ará Amẹ́ríkà kò jẹ́ gbé wọn sí. Nígbà tí Hasbro dá ilé ọlọ́lá sílẹ̀ fún àwọn róbọ́ọ̀tì yìí ní 2010, tó sì ní kí àwọn olùfẹ́ wọn dìbò yan ẹyọ kan, Dinobot ni wọ́n yàn, ẹni tó jẹ́ pé inú eré Beast Wars ti 1996 ló ti jáde. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí àwọn tó ń wo eré náà lọ́mọdé, ẹ óò rí àwọn olùdìbò. Geewunner ní ìbò náà kò tọ̀nà.

Ẹ̀rí kan wà tí n kò ní jiyàn lé lórí. Ohùn Peter Cullen ni, ẹni tó ya ohùn rẹ̀ fún Optimus Prime. Ọkùnrin yìí ti sọ ọ́ nígbà púpọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun Larry, ọmọ ogun tó ja ogun Vietnam, ló gba òun nímọ̀ràn pé kí òun ṣe akọni náà ní alágbára tó mọ pẹ̀lẹ́ ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn náà mọ̀ pé ọgbọ́n iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Cullen nìyẹn, bí iṣẹ́ Budiansky ṣe jẹ́ ti Budiansky. Bí adájọ́ wa bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́, ó yẹ kó lè bọ̀wọ̀ fún àwọn tó kọ ikú Dinobot náà, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ gidi nìyẹn. Kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Gọ̀rílà ni olórí Beast Wars, kì í ṣe tírélà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí fún un.

Wọ́n á ní kí ló kàn mí, ṣebí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó ń pa àwọn ọmọdé lára. Ohun ìṣeré wọn ló sọ di ilé ìpamọ́ tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ó ra róbọ́ọ̀tì, kò já páálí rẹ̀. Ó tún gbé páálí náà lọ fún àwọn tó ń fún páálí ní máàkì, kí wọ́n lè tì í mọ́ inú ike tó mọ́ gaara. Ọmọ tó bá yọjú pé Camaro ni òun fẹ́ràn jù, á fi í ṣẹ̀sín títí ọmọ náà yóò fi dákẹ́. Iléeṣẹ́ sì ń gbọ́ tirẹ̀, torí pé òun ló ń náwó. Ní 2019, Hasbro ní àwọn yóò ṣe Unicron ńlá, pílánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ pílánẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú fíìmù 1986, bí àwọn bá rí ẹni 8,000 tí yóò san dọ́là 574.99. Wọ́n ní láti sún gbèdéke síwájú, ṣùgbọ́n iye náà pé. Ní 2024, Takara Tomy tún Convoy àtijọ́ ṣe, imú pẹlẹbẹ, àwọ̀ pupa, orúnkún àti ìgúnpá tó ń ká tó ń nà. Kò sí ọmọ ọdún méje tó lè fi owó ọwọ́ rẹ̀ rà á, àwọn tó sì ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀.