Ta Ló Ń Kọ́ Ta?
Aládùúgbò mi kan ní Òṣogbo ń kọ́ ajá rẹ̀ láti máa gbé nǹkan wá fún ọ̀gá. Á ju àpò kékeré tó kún fún iyanrìn sínú koríko, ajá á sáré débẹ̀, á jókòó tì í, á máa wojú ọ̀gá. Ọ̀gá ló ń lọ gbé e. Á wá sọ fún wa pé, “Ẹ ní sùúrù, ajá òyìnbó ni.”

Ajá ọdẹ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò mọ àpò iyanrìn. Ọ̀yà àti òkété ni ìwé tirẹ̀, ṣaworo ọrùn rẹ̀ ni aago ilé-ìwé.

Ní ti kíkọ́ ajá láti máa jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọ̀gá, ẹ mú ajá lọ sí Iléṣà nígbà ọdún Ìwúdé Ògún. Ajá ni wọ́n fi ń bọ Ògún. Kò sí ajá tó máa dúró de àṣẹ kó tó rọ̀ mọ́ olówó rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àfi èyí tó gbọ́n débi pé ó mọ̀ pé olówó ọ̀hún gan-an ló yẹ kóun sá fún.