Dírẹ́bà Tí Kì í Wa Mọ́tò

Dírẹ́bà tí mò ń sọ yìí kò ní láísẹ́ǹsì, kò sì bú ẹnikẹ́ni rí lójú pópó. Inú Linux ló ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá àwọn díìsìkì tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Fibre Channel kàn. Bí nǹkan kan bá yí padà, swíìṣì á kéde, dírẹ́bà á béèrè orúkọ àwọn tó kù nílé, á sì lọ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìjà máa ń dé nígbà tí ìkéde méjì bá gun ara wọn. Ẹ wo òde ìgbéyàwó: ẹnì kan ń mú àlejò lọ sídìí àga, ẹnì kejì ti gbé àga náà kúrò, torí wọ́n ní àlejò ti lọ. Àlejò fìdí lé òfìfo. Kọ̀ǹpútà dákú.

Bí o bá wá ní kí dírẹ́bà máa kọ gbogbo ìṣe rẹ̀ sílẹ̀, àìsàn á sá lọ, torí ìwé kíkọ ń fà á sẹ́yìn díẹ̀. Bí ọmọ tó ń wúkọ́ títí tó fi rí dókítà ni.

Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi: kí dírẹ́bà sùn fún ìṣẹ́jú-àáyá 5. Dírẹ́bà! Kó sùn!

Oògùn gidi ni àgádágodo kan, àti kíka iye ọwọ́ tó ṣì di àga mú. Àfi tó bá di òdo kí wọ́n tó gbé e. Ìlà kóòdù mẹ́rin, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìyàwó mi bi mí pé kí ni mo ṣe látọjọ́ yìí. Mo ní mo fi àgádágodo kan sẹ́nu ọ̀nà.

“Olówó orí mi, ṣé kò sí káfíńtà ládùúgbò ni?”