Ọ̀nà Kan Ò Wọjà, Àbí?

Alẹ́ ọjọ́ ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ni. Àwọn ìdílé Balógun ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń tú gèlè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìgbẹ́bá sì ń bá ráútà jà. Ó ti ya fídíò àwọn ẹlẹ́ṣin, ó fẹ́ kó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ti ẹlòmíì tó dé ibẹ̀. Fídíò kò lọ. Mo ní kí ló dé? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti gba VPN ọ̀fẹ́. Netherlands ni mo wà báyìí."

Netherlands! Ẹ̀fọn Ìjẹ̀bú-Òde ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ráútà rẹ̀ wà lẹ́yìn fíríìjì ní yàrá inú, òun wà ní Netherlands.

Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù Okúdù 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa, wọn ò ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022. Láàárín àkókò yẹn, tọmọdé tàgbà ló mọ VPN, áàpù tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì ẹni gba ilẹ̀ òkèèrè kọjá. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà: bí wọ́n bá dí ọ̀kan, ẹ gba òmíràn. Ìjọba dínà, aráàlú gba ẹ̀bùrú, òwe bọ́ sípò.

Àmọ́ ta ló dínà mọ́ àbúrò mi yìí? Ọ̀nà ọjà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé ẹni ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà. Láti ráútà dé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ọ̀ràn náà. Agbára tí ráútà fi ń ké sí òpó kéré sí èyí tí òpó fi ń dá a lóhùn. Ara ìdí nìyẹn tí ohun tí à ń fi ránṣẹ́ fi sábà máa ń falẹ̀ ju ohun tí à ń gbà wọlé lọ. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, gbogbo Ìjẹ̀bú pẹ̀lú àlejò Èkó ló ń rọ́ lu òpó kan náà. VPN kò lè sún òpó mọ́ ilé ẹnikẹ́ni. Fídíò á kọ́kọ́ wọ́ gba ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú ẹrù kún ẹrù nítorí àgádágodo tí VPN fi tì í, á wá dé Netherlands kó tó ṣẹ́rí síbi tó ń lọ. Ẹni tó ń ti Ìgbẹ́bá lọ sí ọjà Òkè-Ajé ló ní òun á gba Kútọnu yìí!

Kí n má parọ́: bí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ ń fa irú ìrìnnà kan sẹ́yìn, tàbí tó ń gbé ẹrù rẹ gba ọ̀nà tí kò dáa, VPN lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Wọn eré íntánẹ́ẹ̀tì rẹ láìsí VPN, wọ̀n ọ́n pẹ̀lú rẹ̀, wàá rí i.

Ohun tó bí mi nínú ni "ọ̀fẹ́" yẹn. Ìjẹ̀bú kẹ̀! Àwa tí Gẹ̀ẹ́sì tìtorí ọ̀nà òwò gbógun tì ní Ìmàgbọn ní 1892. Oníṣòwò wo ló gba ilẹ̀ wa kọjá lọ sí ọ̀sà nígbà náà tí kò rí oníbodè? Ọmọ oníbodè ló wá gbà pé àjèjì kan la ọ̀nà dé Netherlands fún òun láì gba kọ́bọ̀! Ní 2015 ni àṣírí Hola tú: VPN ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń lò ó fún ẹlòmíì. Eré tí o ń wá kiri, òun gan-an ni wọ́n ń tà lẹ́yìn rẹ. Ti àbúrò mi tún ní ìpolówó ọjà tí yóò wò kí bodè tó ṣí, ìpolówó ọ̀hún sì ń jẹ dátà, dátà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 pé kí àwọn iléeṣẹ́ náà lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó rẹ̀.

Àbúrò mi, gbé ráútà kúrò lẹ́yìn fíríìjì, gbé e sójú fèrèsé. Dín ìwọ̀n fídíò yẹn kù. Jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tí àwọn àlejò Èkó ti sùn, kí o wá fi ránṣẹ́. VPN yẹn, yọ ọ́ kúrò lórí fóònù rẹ lónìí.