Oko Ni Àbújá, Dùbáì Nilé

Ẹ bá mi kí Ọ̀gá Dàírẹ́kítọ̀ o! Ìfẹ̀yìntì ti kan ilẹ̀kùn. Ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ọba tàbí ọjọ́ orí 60, èyí tó bá kọ́kọ́ dé níbẹ̀ ló ń léni lọ sílé. Ní ti ọjọ́ orí, ẹ má bi mí. Ní Sẹkitéríàtì, ọmọ ọdún 57 ni Ọ̀gá. Ní ìlú wọn, àbúrò tí wọ́n bí tẹ̀lé e ti ṣe ọjọ́ ìbí 65, Ọ̀gá gan-an ló sì náwó jù lójú agbo.

Àwọn bàbá wa ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ọ̀gá gbà bẹ́ẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé lójú tiẹ̀, oko ni Àbújá, Dùbáì nilé. Ó ti kórè tán, ó ku kó rù ú.

Ẹ wá wo òtẹ́ẹ̀lì ní Wuse 2 lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ọmọkùnrin tí kóòtù há mọ́ lára ń ta ilé tí wọn ò tíì kọ́, nínú aṣálẹ̀ tí wọn ò dé rí. Wọ́n tan fíìmù sára ògiri: omi tó mọ́ gaara, ọ̀pẹ tó tò lọ rẹrẹ, òyìnbó kan tó ń rẹ́rìn-ín láìnídìí. Lójijì, iná lọ! Gbogbo gbọ̀ngàn ṣókùnkùn biribiri. Ọmọ-kóòtù ò tilẹ̀ mikàn: "Ṣé ẹ rí i? Ìdí àkọ́kọ́ nìyẹn!" Jẹnẹrétọ̀ bú, àtẹ́wọ́ náà bú.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn, mo rí yín. Ẹ ò ra nǹkan kan. Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù àti sàmósà lẹ bá wá. Nọ́ńbà fóònù tí ẹ kọ sílẹ̀, ti àna yín ni.

Ìdí yòókù náà kò burú: ọsibítù tó ní dókítà, àti ìdákẹ́jẹ́. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń rí sí iná ni Ọ̀gá ti gba ìgbéga, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ti ìlera. Ó mọ ohun tó ń sá fún. Òun ló fọwọ́ sí i. Ní ti ìdákẹ́jẹ́, ẹ̀rọ̀ ọkàn ibẹ̀ ni pé kò sí ìbátan tó lè wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkirè dé Dùbáì, kó kan géètì ní ìdájí, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó ilé-ìwé ọmọ yìí ni o."

Owó ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ físà wúrà ọlọ́dún 10 ní Dùbáì yóò ra ilé tó tó mílíọ̀nù 2 dírhámù. Bí a bá ṣẹ́ dọ́là kan ní 1,500 náírà, nǹkan bíi 817 mílíọ̀nù náírà nìyẹn. Láti 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ jẹ́ 70,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó bá ń tọ́jú gbogbo rẹ̀, tí kò jẹ gààrí, tí kò wọ kẹ̀kẹ́, yóò ra ilé náà lẹ́yìn ọdún 972. Mètúsẹ́là tó lo ọdún 969 láyé ì bá kú nígbà tó ku ọdún mẹ́ta péré. Ọdún 35 ni Ọ̀gá fi rí tiẹ̀ san. Ẹ ò rí i pé ó mọ owó í pamọ́!

Àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù làwọn ń lọ. Ẹ rọra. Láti 2008 ni ìjọba ibẹ̀ ti pa físà afẹ̀yìntì olówó rẹ́. Ẹ lè ra ilé, kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Àlejò oṣù mẹ́fà lẹ máa jẹ́ nínú ilé tí ẹ fowó yín rà.

Ó wá ku Houston, lọ́dọ̀ ọmọ. Ní Àbújá, Ọ̀gá ní dírẹ́bà, kúkù àti ọlọ́dẹ. Ní Houston, òun ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yóò kọ lẹ́tà sí i pé koríko iwájú ilé rẹ̀ ti ga jù. Ọkùnrin tí fáìlì ọsibítù kan sùn lórí tábìlì rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tí kò jí i, yóò dáhùn lẹ́tà koríko kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò sì tọrọ àforíjì. Ìyàwó ọmọ yóò gbé ọmọ lé e lọ́wọ́: "Dádì, ẹ bá wa mú un, mo ti ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́." Ẹni tó ń pààrọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri ìpínlẹ̀ yóò wá máa pààrọ̀ Pampers.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti owó ilẹ̀. Ní March 2025, Mínísítà Wike fagi lé ìwé ilẹ̀ 4,794 ní Àbújá, ní Maitama, Asokoro, Wuse, Garki àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí gbèsè owó ilẹ̀ tó ti pé ọdún 10, títí dé èyí tó ti pé ọdún 43. Àwọn olówó wa ni o, kì í ṣe ará Nyanya. Ẹni tí kò san owó ilẹ̀ Maitama láti ayé Ṣàgàrí ni yóò máa sáré san owó orí ilé ní Texas, torí ó mọ̀ pé wọ́n á ta ilé náà mọ́ òun lórí, kò sì sí ẹni tí òun lè fi fóònù pè níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará Kubwa àti Lugbe, ẹ sọ ẹ̀rín yẹn mọ níwọ̀n. Ṣebí ẹ̀yin náà ti ń bi ọmọ yín ní Kánádà pé ìgbà wo ni yóò ṣe ìwé yín? Gbogbo wa là ń wá àbùjá jáde ní Àbújá.

Ọ̀gá, ẹ máa lọ ire. Ṣùgbọ́n fáìlì ọsibítù tó wà lórí tábìlì yín yẹn, ẹ bá wa fọwọ́ sí i kí ẹ tó lọ. Físà yín lè má tètè jáde.