Sí Ọ̀gá Mẹkáníìkì Tó Fi Sípánà 14 Pe Nọ́ọ̀tì 13 Níjà

Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìdọ̀tí ọwọ́. Mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ iṣẹ́, mo sì kí òòlù yín náà, torí mo mọ̀ pé òun lẹ fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ẹ̀yin ọkọ òòlù, a-gbá-nọ́ọ̀tì-lórí-kó-tó-béèrè-ẹ̀ṣẹ̀, a-tú-u-tán-kí-ìdajì-ṣì-kù-nínú-ihò! Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo gbà bá yín sọ̀rọ̀. Abẹ́ àtíbàbà yín ni mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́, ariwo jẹnẹrétọ̀ wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ yín ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́. Mo sì rò ó pé bí mo bá kọ ọ́ síta, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní Mọníyà, ní Ìyànà Ọ̀fà àti ní Ẹgbẹ́dá á rí i kà, kí ẹ má baà sọ pé ẹ̀yin nìkan ni mo dájú sọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju ti nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lọ. Ẹ rántí píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 mi, àgbà ọkọ̀ tó ti ru ẹ̀gẹ́ ní ọ̀nà Akànrán débi pé ó mọ kòtò ibẹ̀ lórúkọ. Wọ́tà-pọ́ǹpù rẹ̀ ń jò. Ẹ ní kò le, ká tú u, ká pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, kí n tó jẹ àmàlà tán ó ti parí. Mo jẹ àmàlà tán, mo fọwọ́, mo sùn díẹ̀ lé e. Nígbà tí mo padà dé, gbogbo nọ́ọ̀tì ti jáde àfi ọ̀kan, ẹ̀yin àti ọ̀kan yẹn kò sì bá ara yín sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń tún Toyota àti Datsun ṣe lẹ ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà lẹ ti gba firídọ̀mù. Àwọn ará Japan, orí 12 àti orí 14 ló pọ̀ nínú nọ́ọ̀tì wọn. Nọ́ọ̀tì tí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 8, orí 12 ni wọ́n sábà máa ń ṣe sí i. Èyí tó wá láti Faransé tàbí Jámánì, orí 13 ni. Mìlímítà kan péré ló wà láàárín wọn, òun náà ló sì bà wá jẹ́. Sípánà 12 kò wọlé, ẹ bá mú 14. Nígbà tí 14 ń mì lórí rẹ̀, ẹ gé ara agolo mílíìkì, ẹ fi dí àlàfo. Agolo mílíìkì, Ọ̀gá mi! Ohun tí ọmọ ọwọ́ mu tán tó jù nù lẹ fẹ́ fi tú irin.

Sípánà yí. Nọ́ọ̀tì kò yí. Igun mẹ́fà tó wà lórí rẹ̀ ló yí kúrò níbẹ̀, tí orí di rogodo. Ẹ mú sípánà tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí tó ń pa, ó yọ̀. Ẹ mú pùláyà, ó yọ̀. Ló bá ku ṣísẹ́ẹ̀lì àti ààyò yín, òòlù. Orí nọ́ọ̀tì ta sínú koríko, ara rẹ̀ kù sínú ihò. Ẹ nu òógùn, ẹ wò mí lójú, ẹ ní, "Nọ́ọ̀tì yìí lágídí o."

Èmi ni mo fẹ́ gba ẹjọ́ nọ́ọ̀tì náà rò. Kò lágídí. Ibi tí wọ́n fi í sí ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sìlíńdà 504 tí nọ́ọ̀tì náà wọ̀ sí, nọ́ọ̀tì sì jẹ́ irin. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti fara kanra tí omi sì wà láàárín wọn, alumíníọ̀mù á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, ẹbu funfun rẹ̀ á kún inú eyín nọ́ọ̀tì, á sì há a mọ́ ibẹ̀ pinpin. Omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà fún rádíétọ̀ ní oògùn tó ń dènà èyí nínú. Ta ló ní owó ìnákúnàá ni? Ta ló ní omi odò tó mọ́ gaara ti tó ọkọ̀ àgbà? Ẹ má dá mi lóhùn. Nọ́ọ̀tì ti jẹ́rìí.

Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé ọmọ Akànrán ni yín. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ìtàn Àgbẹ́kọ̀yà fún wa nígbà tí a bá ń dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ ní nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kọ owó orí ní 1968, ìjọba kó ọlọ́pàá àti sójà tì wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fi agbára tì wọ́n ni wọ́n ń le sí i, títí Awólọ́wọ̀ fi wọ inú oko lọ fúnra rẹ̀ ní 1969, tó lọ bá Táfà Adéoyè, olórí àwọn àgbẹ̀ náà, sọ̀rọ̀, tí owó orí sì wálẹ̀. Tí ẹ bá dé ibẹ̀ yẹn, àyà yín á wú. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin náà lẹ wá ń ṣe ìjọba sí nọ́ọ̀tì?

Bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ kò ṣòro. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdí rẹ̀ mọ́. Ẹ fún un ní epo tó ṣàn, tó lè rá wọ inú eyín. Bí WD-40 bá wọ́n jù, díṣẹ̀ẹ́lì tàbí kẹrosíìnì á gbìyànjú díẹ̀, bí ẹ bá fún un láyè. Àyè tí mò ń wí kì í ṣe ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mu sìgá kan. Mo ní kí ó sùn mọ́jú. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ fi òòlù kàn án lórí jẹ́jẹ́ (ẹ rí i pé mi ò lé ààyò yín jáde), kí ohun tó há a lè sán. Ẹ kọ́kọ́ dè é sí i bíńtín kí ẹ tó tú u. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni kí ẹ lò, torí pé òun ló ń di ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì mú. Onígun méjìlá, igun nọ́ọ̀tì ló ń họ. Bí orí 13 bá sì ti di rogodo ná, ẹ gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì 12 wọ̀ ọ́ lórí. Àbí ẹ rí i? 12 tí ẹ kọ́kọ́ jù sílẹ̀ ì bá padà wúlò fún yín.

Bí ìyẹn náà kò bá ṣe é, ẹ wá iná, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ gbé gbogbo ohun tó ní epo kúrò nítòsí. Bí alumíníọ̀mù bá gbóná, ó máa ń wú tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin, nítorí náà ihò á fẹ̀ ju nọ́ọ̀tì lọ, ọ̀nà á sì là. Bí orí bá ti bọ́ tí kùkùté rẹ̀ ṣì yọ díẹ̀, wẹ́dà tí ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ tèmi ló kàn: kí ó jó nọ́ọ̀tì tuntun mọ́ kùkùté yẹn lórí. Sípánà á ríbi dì mú, iná wẹ́dà á sì ti tú ìpẹtà. Dírìlì ló kẹ́yìn, àárín gan-an sì ni kí ẹ lu. Ẹ má sì ṣe fi agbára yí irin tí wọ́n ń pè ní easy-out. Ó le, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹ́. Bó bá ṣẹ́ sínú ihò, dírìlì kò ní í ràn án mọ́, àfi ká máa gbé tọ́ọ̀pù sìlíńdà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin.

Ọ̀gá mi, iṣẹ́ yín dá mi lójú. Ẹ ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì mi láti òdìkejì títì rí, ẹ ní púlọ́ọ̀gì kẹta ti kú, ó sì ti kú lóòótọ́. Ọwọ́ àti etí tó mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè ní òun kò mọ ìgbà tí sípánà kọ́kọ́ yọ̀. Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀tì sọ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró níbẹ̀, igun mẹ́fà ṣì pé fún un, ó ṣì lè rán ọmọ lọ yá 13. Ẹni tó bá fà á lẹ́ẹ̀kejì, owó wẹ́dà ló ń wá. Mo sì mọ ohun tí kò jẹ́ kí ẹ dáwọ́ dúró: àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wò yín, ọ̀gá kò sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé nọ́ọ̀tì dá òun dúró. Ohun tí wọ́n wá kọ́ lọ́jọ́ náà ni agolo mílíìkì. Wọ́n á gba firídọ̀mù, wọ́n á ta àtíbàbà tiwọn ní Bádẹ́kù àti Lálúpọn, agolo mílíìkì á sì bá wọn débẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń pa á lówe fún wọn pé ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín náà máa pa á.

Àdéhùn mi rèé. Èmi á ra sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 onígun mẹ́fà wá láti ọjà Ararọ̀mí ní Géètì, ẹ̀bùn ni fún yín. Ẹ kọ orúkọ yín sí i lára. Èmi á san owó gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin á san ti wẹ́dà. Omi aláwọ̀ la ó rọ sínú rádíétọ̀, odò á sì sinmi. Bí ẹ bá gbà, ẹ ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá sì gbà, ẹ̀yin náà lẹ ó tún un ṣe, torí mi ò rí mẹkáníìkì tó fẹ́ gba kùkùté lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tó wá ń fi ọ̀kadà kó ẹ̀gẹ́.